Ọṣẹ kọ́ ni yóò lé ìfọ́n lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, ni mo ń gbé, èmi àti ọmọ mẹ́rin nínú yàrá kan. Ara ń yún wọn, pàápàá lóru, ó sì ti ń yún èmi náà. Wọ́n ní omi kànga wa ló fà á. Mo ti fi ọṣẹ dúdú àti kẹrosíìnì wẹ̀ wọ́n títí. Ọṣẹ wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ má ra ọṣẹ kankan, kí ẹ sì gbé kẹrosíìnì yẹn kúrò lára àwọn ọmọ lónìí, torí pé ó ń bó awọ. Ìfọ́n ni mo fura sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè fọwọ́ sọ̀yà láìfojú rí awọ wọn.

Ìdọ̀tí kọ́ ló ń fa ìfọ́n. Kòkòrò kan, ìbátan eégbọn, tí kò gùn tó ìdajì mìlímítà, ló ń fà á. Abo rẹ̀ a máa gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sínú awọ, a sì máa yé ẹyin méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀ lójúmọ́. Ẹ wo àárín ìka ọwọ́ wọn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán: ẹ lè rí ìlà kékeré tó rí kọ́rọkọ̀rọ, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á, pẹ̀lú kókó wẹ́wẹ́ lẹ́bàá rẹ̀. Omi àti ọṣẹ kò lè dé inú ihò yẹn. Ọmọ tí a ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ lè kó ìfọ́n. Kànga yín kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá gbọ́ pé wọ́n lé ọmọ kúrò ní kíláàsì, tí wọ́n ń pè é ní ọ̀bùn, nítorí pé ẹ̀sùn náà ló ń mú kí àwọn ìyá fi àìsàn pamọ́ títí yóò fi kárí ilé.

Ìfarakanra tó pẹ́ ló ń tàn án kálẹ̀, bí i ti ọmọ mẹ́rin tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan. Ìdí nìyí tó fi wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí kò rí já jẹ: yàrá há, owó kò sì tó ra òògùn fún gbogbo ilé, a wá tọ́jú ẹnì kan, àwọn yòókù sì tún kó o ràn án. Ẹni tó ń kó o fún ìgbà àkọ́kọ́ lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Nítorí náà, gbogbo ilé ni kí ẹ tọ́jú lálẹ́ ọjọ́ kan náà, títí kan ẹni tí ara kò yún.

Kírímù permethrin oní-ìdá 5 nínú 100 ni a sábà máa ń lò. Ẹ fi pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó wà lára di òwúrọ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7. Kí aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti aṣọ ìbora, kí ẹ sá wọn sóòrùn. Yíyún lè kù fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn ìtọ́jú; ẹ má torí ìyẹn máa pa òògùn lójoojúmọ́. Ẹ sá fún àwọn kírímù àpòpọ̀ tó ní sitẹ́rọ́ọ̀dù, ìyẹn òògùn tó ń mú kí yíyún rọlẹ̀ láìpa kòkòrò náà, nítorí pé wọ́n ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ ni.

Bí egbò bá ń ṣọyún, tàbí tí ojú ọmọ wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé kòkòrò àìfojúrí tó ń gba ojú egbò wọlé lè ṣàkóbá fún kíndìnrín.