Àbúrò mi ń pe bàbá wa ní kèfèrí

Ìbéèrè: Àsàláámù aláékúmù, Àáfà. Ọ̀mù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi ọkùnrin lọ kéwú ní Òkè Ọya fún ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà tó ti dé, kì í dáhùn sáláámù bàbá wa mọ́. Ó ní bàbá ti jáde nínú ẹ̀sìn torí pé ó dìbò, ó sì tún lọ síbi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù ní ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì kó èèyàn lọ, gbogbo wa ń sunkún. Ohun tó sọ ni pé a kì í sunkún ẹ̀jẹ̀ kèfèrí. Ṣé a lè máa kírun lẹ́yìn rẹ̀? Tí mo bá sì lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ṣé mi ò ti ta Mùsùlùmí bíi tèmi? Ẹ dákun, ẹ má dárúkọ mi.

Ìdáhùn: Wa aláékúmù sàláámù, ọmọ mi. Orúkọ rẹ ò ní ti ẹnu mi jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló gbóná jù. Wọ́n ń gbé òkú Júù kan kọjá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dìde dúró. Wọ́n ní, òkú Júù mà ni. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀mí ni?" Búkárì àti Mùsílímù, àwọn àgbà tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ sínú ìwé, ló gbà á wá. Òkú tí wọ́n kàn ń gbé kọjá nìyẹn o, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n yìnbọn fún níbi tó ti ń jọ́sìn. Ànábì tún sọ pé ẹni tó bá pa ẹni tí àdéhùn wà láàárín àwa pẹ̀lú rẹ̀ ò ní gbọ́ òórùn àlùjánnà, bẹ́ẹ̀ láti ìrìn ogójì ọdún ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Àdéhùn wo ló wá ju èyí tó wà láàárín wa nílẹ̀ Ìgbómìnà? Nínú agbo ilé kan, ẹnì kan ń ṣe àlùwàlá, ẹnì kan ń mú Bíbélì jáde, ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ máa jẹ lálẹ́. Àwọn tó ya wọ Èrúkù, ì báà jẹ́ owó ni wọ́n ń wá, ì báà jẹ́ pé ẹ̀sìn ni wọ́n fi bojú, ìdáhùn kò yí padà.

Ní ti bàbá rẹ àti òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀: nígbà tí Àbú Tọ́líbù kú láìgba ẹ̀sìn, Álíyù ọmọ rẹ̀ lọ sọ fún Ànábì, Ànábì ní kó lọ bo bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Álíyù sì lọ. Kí Mùsùlùmí má bá wọn ṣe ìsìn wọn ni ẹ̀sìn wí, kò sọ pé kó sá fún òkú ọmọ ìyá rẹ̀.

Dákun, di orúkọ Álíyù yẹn mú, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn ogun Síffínì ní ọdún 657, Álíyù, tó jẹ́ olórí àwọn Mùsùlùmí nígbà náà, gbà kí wọ́n yan èèyàn tí yóò parí ìjà láàárín òun àti Múáwíyà, alákòóso Síríà tó ń bá a jà. Àwọn kan nínú ọmọ ogun rẹ̀ fà yọ, wọ́n ní kò sí ìdájọ́ àfi ti Ọlọ́hun, wọ́n ní Álíyù ti di kèfèrí. Àwọn là ń pè ní Háwáríjì. Ìdìbò tí àbúrò rẹ ń bá bàbá rẹ jà sí lónìí, irú ohun tí wọ́n bá Álíyù jà sí nìyẹn: pé ó fi ìdájọ́ lé èèyàn lọ́wọ́. Álíyù ní ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni, èrò irọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ nínú ìjọsìn o. Ọ̀kan nínú wọn he èso dàbínù kan tó jábọ́ lábẹ́ igi onígi, ó jù ú sẹ́nu. Wọ́n pariwo mọ́ ọn, ó tu ú. Àwọn yìí kan náà ló pa Abdullahi ọmọ Kábáàbù, ọmọ sàábé Ànábì, wọ́n sì pa ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú. Dàbínù ò tọ́, ẹ̀jẹ̀ aboyún tọ́. Ní ọdún 661, nínú oṣù ààwẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fi idà ṣá Álíyù fúnra rẹ̀ ní Kúfà lásìkò ìrun àárọ̀. Ẹni tí Ànábì fún ní ọmọ rẹ̀ fẹ́, wọ́n ní kèfèrí ni. Kí ni kí bàbá rẹ tó wà ní Ọ̀mù-Àrán wá retí?

Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á wá pé nígbà tí wọ́n bi Álíyù bóyá kèfèrí ni wọ́n, ó ní, "Ìwà kèfèrí ni wọ́n ń sá fún." Ó bá wọn jà nígbà tí wọ́n tàjẹ̀ sílẹ̀, kò sì lé wọn jáde nínú ẹ̀sìn. Ibẹ̀ yẹn ni ọwọ́ ti ń bọ́ lára àwa àáfà. Tí bọ́ǹbù bá ti dún, a ó gun mínbárì, a ó ní àwọn yẹn kì í ṣe Mùsùlùmí, a ó sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo ti jáwọ́. Tí wọn kì í bá ṣe ara wa, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa yẹ ilé kéú tirẹ̀ wò nìyẹn. Ní Ìlọrin níhìn-ín, lọ sábẹ́ gbohùngbohùn nínú oṣù ààwẹ̀, kí o gbọ́ ohun tí àáfà ń pe àáfà: nítorí mọ́líúdì (ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Ànábì), nítorí tírà, nítorí bóyá ká sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí ìrun tàbí ká ká a sáyà. Àwọn ọmọ kékeré jókòó sórí ẹní níwájú, wọ́n ń gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ Ànábì ní tí ẹnì kan bá pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní kèfèrí, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló máa rù ú lọ.

Má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé Òkè Ọya ló ba àbúrò rẹ jẹ́. Àáfà Òkè Ọya ni Sheikh Auwal Albani tí wọ́n yìnbọn pa ní Zaria ní February 2014, tí Shekau, olórí Boko Haram nígbà náà, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn làwọ́n pa á. Ó máa ń tako ẹ̀kọ́ wọn. Mọ́ṣáláṣí ńlá Kano ni wọ́n ju bọ́ǹbù sí ní ọjọ́ Jímọ̀, 28 November ọdún náà, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú.

Ìrun: ẹ má tì í síwájú. Èyí tí ẹ ti kí lẹ́yìn rẹ̀ dáa. Nínú ọ̀nà Màlíkì tí à ń tọ̀, ẹni tó bá kírun lẹ́yìn irú rẹ̀ lè tún un kí tí àsìkò rẹ̀ kò bá tíì lọ. Ẹ̀yìn bàbá yín ni kí ẹ máa tò sí.

Ẹjọ́ sísùn ńkọ́? Ànábì ní, ran ọmọ ìyá rẹ lọ́wọ́, ì báà ṣe alábòsí, ì báà ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣàbòsí sí. Wọ́n ní báwo la ṣe ń ran alábòsí lọ́wọ́? Ó ní kí o dá a dúró. Torí náà kì í ṣe pé o tà á. Àmọ́ ibi tí o bá gbé e lọ ṣe pàtàkì. Ní July 2009, àwọn sójà mú Mohammed Yusuf, ẹni tó dá Boko Haram sílẹ̀, láàyè ní Maiduguri, ó kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá láìrí ilé ẹjọ́, ohun tó sì tẹ̀ lé e burú ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni àbúrò rẹ ṣì ń sọ, Lìmọ́mù ìlú àti àwọn àgbà ìdílé ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Ọjọ́ tí o bá rí ohun ìjà, tàbí owó tó ń kó jọ fún ẹni tí ẹ ò mọ̀, tàbí tó ń dágbére igbó, má sùn mọ́ ọn. Bàbá yín àti Lìmọ́mù ni kó bá ọ dé ọ̀dọ̀ agbófinró, kí wọ́n sì máa tọ ọ̀rọ̀ náà títí tó fi dé iwájú adájọ́.

Kó tó débẹ̀, mú un wá bá mi. Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ Sátidé, mi ò kì í ní iṣẹ́. Kó kó àwọn ìwé rẹ̀ dání, ìwọ sì má sọ fún un pé ẹjọ́ la pè é sí. Ọmọ Abáàsì, ìbátan Ànábì, lọ bá àwọn Háwáríjì nínú àgọ́ wọn, òun nìkan, ó sì fi Àlùkùránì bá wọn sọ̀rọ̀ títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi padà. Aṣọ Yẹ́mẹ̀nì tó dáa jù ló wọ̀ lọ, aṣọ náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ bá a jà sí. Tèmi ti wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀.