Wọ́n ti wọ ẹ̀rọ wa: wákàtí mélòó la ní, kí la ó kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ wa kékeré ń fa íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà àti Agbowó, n'Ìbàdàn. A gbọ́ pé ìjọba ti ka irú ẹ̀rọ wa mọ́ ohun ìní pàtàkì orílẹ̀-èdè. Bí àwọn ọ̀daràn bá wọ inú rẹ̀, kí ni òfin ní ká ṣe?

Ìdáhùn: Àṣẹ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2024 lẹ gbọ́. Orí òfin ọ̀ràn kọ̀ǹpútà ti 2015 ló dúró lé, ẹni tó bá sì ba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ lè fẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura, kò sí owó ìtanràn tó lè fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀daràn nìyẹn ń bá wí. Tiyín wà ní abala 21 òfin náà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń ṣàkóso nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kàn, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni: ẹ gbọ́dọ̀ fi ìkọlù tó ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, létí láàárín wákàtí 72. Ọjọ́ 7 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó tún òfin ṣe ní 2024. Ẹni tó bá dákẹ́ yóò san mílíọ̀nù 2 náírà, wọ́n sì lè gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ rí i ni kíkà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá wádìí tán. Ìwọ̀nba tí ẹ bá mọ̀, ẹ fi ránṣẹ́.

Ohun tó ń ba ẹ̀rí jẹ́ jù ni sísáré pa kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á! Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ yọ. Ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀ lè fi ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé hàn, ó sì ń pòórá bí ẹ bá ti pa á. Ẹ ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ, ẹ kọ aago sí ìwé.

Ẹ wá wo rúútà yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ rúútà kéékèèké kò ní bátìrì aago. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí wọ́n sì dá a padà, àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ lè ti pa rẹ́, kí aago rẹ̀ sì máa ka 1 January 1970. Bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ n'Ìbàdàn yìí, ẹ lè wá àkọsílẹ̀ alẹ́ àná tì. Ẹ tan NTP, ètò tó ń mú aago wá láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó lè máa gba aago tó péye, kí ẹ sì jẹ́ kó máa fi syslog, ètò tó ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́, da àkọsílẹ̀ sí kọ̀ǹpútà kan tó wà lórí inverter, pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) UDP 514 ló sábà ń gbà. Abala 38 ní kí ilé iṣẹ́ bíi tiyín tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà àti ti ìlò íntánẹ́ẹ̀tì fún ọdún 2, nítorí náà ẹ ra dísíìkì tó láyè.

Lẹ́yìn èyí, orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kí ẹ ti pààrọ̀ password. Ẹ kọ nọ́ńbà àti íméèlì ngCERT sí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lónìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti íméèlì mọ́ yín lọ́wọ́, ibẹ̀ lẹ ó ti kà á.