Ọbẹ̀ ẹran màlúù àwọn ará Nọ́wè: kí ló dé tí omi tèmi ṣú, tí ẹran rẹ̀ sì le?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìlú Stavanger ní Nọ́wè ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọmọ ibẹ̀ sì ni ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi máa ń se ọbẹ̀ ẹran màlúù kan tí wọ́n ń pè ní kjøttsuppe. Omi rẹ̀ máa ń mọ́ gaara, ẹran rẹ̀ sì máa ń rọ̀ débi pé ṣíbí lásán ló ń gé e. Nígbà tí mo dán an wò, mo fi àlùbọ́sà, táìmù, kọ́rì àti Maggi bọ ẹran, mo dín in díẹ̀, mo wá da gbogbo ewébẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Omi rẹ̀ ṣú, ẹran le bíi rọ́bà, pòtétò sì yòrò mọ́ ọn. Màmá jẹ ẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn. Wọ́n tún ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kí ni mo ṣì ṣe? Ṣé mo sì lè fi ata rodo sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Mo mọ bó ṣe ń rí lára kéèyàn gbé oúnjẹ síwájú ìyá ọkọ kí gbogbo ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dáná nílé oúnjẹ kan ní Oslo, ọbẹ̀ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Ohun tí o ṣe yẹn gan-an lèmi náà ṣe, torí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé lọwọ́ wa ń bá lọ. Lọ́dọ̀ wa, ata, irú àti èròjà ló ń gbé ọbẹ̀ ró. Nínú kjøttsuppe, egungun, omi tútù àti iná jẹ́jẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Jẹ́ ká ti ibi ẹran bẹ̀rẹ̀. Mo fura pé ẹran pupa tí kò lọ́ràá rárá lo rà. Ẹran bẹ́ẹ̀ dára fún dídín kíákíá, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lórí iná, omi ara rẹ̀ á gbẹ, á sì le. Èyí tí o fẹ́ ni ẹran ibi tí màlúù fi ń ṣiṣẹ́: ti èjìká, tí wọ́n kọ bog sí lára ní ṣọ́ọ̀bù, ti ẹ̀yìn ọrùn, tí í ṣe høyrygg, tàbí ti igẹ̀, tí í ṣe bibringe. Wàá rí iṣan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín rẹ̀. Má gé e dànù. Ṣé o rántí omi bọ̀kọ̀tọ̀ tó bá sùn mọ́jú, bó ṣe máa ń dì, tí yóò máa gbọ̀n bí o bá ti ṣíbí bọ̀ ọ́? Ohun tó mú bọ̀kọ̀tọ̀ dì ló wà nínú iṣan yẹn. Iná jẹ́jẹ́ ló ń yọ́ ọ, bó bá sì ti yọ́ tán, ẹran á rọ̀, omi ọbẹ̀ náà á sì ki díẹ̀ lẹ́nu. Fún ènìyàn mẹ́fà, ra ẹran kílò 1 àti egungun tó ní mùdùnmúdùn, ìdajì kílò.

Fi omi ṣan wọ́n, kó wọn sínú ìkòkò ńlá, da omi tútù lítà 3 lé wọn lórí. Omi tútù ni mo wí o. Nínú omi tó ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ẹran á ráyè jáde, wọ́n á dì pọ̀, wọ́n á sì léfòó. Bó bá jẹ́ omi gbígbóná lo fi bẹ̀rẹ̀, wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa fọ́ sínú ọbẹ̀. Dúró ti ìkòkò náà, má lọ fọ aṣọ. Ìfófòó funfun ni wàá kọ́kọ́ rí létí ìkòkò, lẹ́yìn náà á ní àwọ̀ eérú, á máa sún bọ̀ láàárín. Fi ṣíbí fẹ̀ǹfẹ̀ gbá a kúrò, fi ṣíbí náà ṣan omi, tún padà gbá a, títí èyí tó ń jáde yóò fi di fẹ́lẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ó lè gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú 15. Ibí yìí gan-an ni omi ọbẹ̀ Màmá ti ń mọ́ gaara.

Wá rẹ iná sílẹ̀. Omi náà kò gbọdọ̀ hó gùdùgùdù. Kó kàn máa rú díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá ń hó kíkankíkan, ọ̀rá ẹran á fọ́ mọ́ omi, ọbẹ̀ á sì ṣú. Kò sí asẹ́ tó lè tún un ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Fi iyọ̀ ṣíbí tíì 2 sí i, ata dúdú oníhóró bíi 10, àlùbọ́sà kan tí o là sí méjì, àti ewé òkè purre, àlùbọ́sà gígùn tó dà bí ọ̀pá yẹn. Àwọn kan máa ń fi ègé ata ilẹ̀ kékeré sí i, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Kọ́rì àti táìmù kò sí níbẹ̀, o ò sì nílò Maggi níbi tí egungun bá wà. Dídín tí o dín ẹran ló tún fi kún dúdú omi rẹ. Brun lapskaus, oúnjẹ wọn mìíràn tó ki tó sì pupa rúsúrúsú, ló ni ìyẹn. Dé ìkòkò náà ní àdéṣí, fi sílẹ̀ fún wákàtí 2 sí 2 àbọ̀. Bí fọ́ọ̀kì bá wọ ẹran tó sì yọ láìfà á, ó ti jinná. Kó ẹran jáde, sẹ́ omi náà, dá a padà sórí iná.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ewébẹ̀ ń wọlé. Kárọ́ọ̀tì mẹ́rin àti ìdajì kålrot ló ń ṣáájú. Kålrot ni nǹkan roboto tí orí rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, tí inú rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Má fò ó o, torí òun ló ń fún ọbẹ̀ yìí ní adùn díẹ̀ tí o kò mọ ibi tó ti wá. Ọsàn ilẹ̀ àríwá ni wọ́n ń pè é, nítorí fítámì C inú rẹ̀ àti bó ṣe ń pẹ́ ní ìpamọ́ nígbà òtútù. Gé wọn bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, kó pòtétò mẹ́fà sí i. Bó bá jẹ́ mandelpotet, irú pòtétò wọn kan, lo lò nígbà yẹn, ìdí tó fi yòrò nìyẹn: ó dùn, ṣùgbọ́n kíákíá ló ń fọ́ nínú omi. Ra irú tó le. Bó bá ku ìṣẹ́jú 5 sí 7, fi kábééjì àti ibi funfun purre sí i, gé ẹran wẹ́wẹ́ dá a padà, kí o wá tọ́ iyọ̀ wò.

Ìbéèrè kan wà tí ìwọ ni kí o bi Màmá: ṣé wọ́n máa ń fi byggryn, ìyẹn ọkà báálì, sí tiwọn? Ní ìwọ̀-oòrùn Nọ́wè, pàápàá ní Sunnmøre, wọ́n ń fi báálì àti ẹran oníyọ̀ se irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní betasuppe. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, rẹ ọkà náà mọ́jú, sè é lọ́tọ̀ kí omi ọbẹ̀ rẹ má bàa ṣú, kí o dà á sí i lẹ́yìn.

Bí o bá fẹ́ ṣe é bí oúnjẹ Sọ́ńdè àtijọ́ wọn, ẹran kì í padà sínú ọbẹ̀. Wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á fi pòtétò bíbọ̀ àti løksaus, ìyẹn ọbẹ̀ àlùbọ́sà, jẹ ẹ́; ferskt kjøtt og suppe lorúkọ rẹ̀. Fún løksaus náà, yọ́ bọ́tà ṣíbí ìjẹun 2, ro fláwà ṣíbí 3 mọ́ ọn, máa bu omi ẹran sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ìdajì lítà. Fi àlùbọ́sà méjì tí o ti gé tí o sì bọ̀ sí i, jẹ́ kó rọra hó fún ìṣẹ́jú 10, kí o tó fi fínígà àti ṣúgà sí i, ṣíbí ìjẹun kọ̀ọ̀kan. Kó kan díẹ̀, kó sì dùn díẹ̀. Èyí ni èmi ì bá sè fún Màmá.

Ọjọ́ Sátidé ni kí o ti se ẹran. Gbé ìkòkò náà sínú omi tútù kó tètè tutù, kí o tó kì í bọ fíríìjì. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ọ̀rá á ti dì lójú rẹ̀, wàá kàn fi ṣíbí kó o kúrò ni, ewébẹ̀ nìkan ló sì máa kù.

Ata rodo kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò. Gún un, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, gbé e sínú àwo kékeré lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ flatbrød, búrẹ́dì wọn tó rí pẹlẹbẹ tó sì gbẹ, àti bọ́tà, kí ẹni tó bá fẹ́ bu tirẹ̀.