Àmì orí “parlò” kì í ṣe àmì ohùn

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ èdè Ítálì nítorí pé mo fẹ́ lọ kàwé ní Padova. Olùkọ́ mi ní “parlo” ni “mò ń sọ̀rọ̀”, “parlò” sì ni “ó sọ̀rọ̀”, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ohùn ìsàlẹ̀ parí èkejì, ó ní mo ṣì í pè. Ó ní mo ṣi “parlano”, “wọ́n ń sọ̀rọ̀”, náà pè. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

ÌDÁHÙN: Ojú Yorùbá lẹ fi wo àmì náà, kò sì yà mí lẹ́nu. Nínú èdè Ítálì, kò sọ ohunkóhun nípa ohùn òkè tàbí ìsàlẹ̀. Sílébù tí a ó fi agbára pè ló ń tọ́ka sí. Ẹ rántí pé nígbà tí a yá “tíṣà” lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì fi agbára pè ni a fún ní ohùn òkè. Nítorí náà, létí Yorùbá, “parlò” sún mọ́ “pàlọ́” ju “pálọ̀” lọ. Ibi tí àmì náà dà sí, ọ̀rọ̀ fáwẹ̀lì ni: “è”, tí í ṣe “ó jẹ́”, dún bí ẹ wa, “é” ìparí “poté” dún bí e, “ò” sì dún bí ọ.

Ní ti “parlano”, ó dà bí ẹni pé “par-LA-re”, “láti sọ̀rọ̀”, ló ṣì yín lọ́nà (lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ sílébù tó gba agbára). Bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá ń sọ ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́, “àwa” àti “ẹ̀yin” nìkan ló ń ṣí agbára náà nípò, par-LIA-mo, par-LA-te. Ti “àwọn” dúró síbi tí ti “èmi” wà: PAR-lo, PAR-la-no. Bákan náà ni “abitare”, tí í ṣe “gbé”, ṣe di A-bi-ta-no, tí agbára fi wà lórí sílébù kẹrin láti ẹ̀yìn. Nínú ọ̀rọ̀ tó ju sílébù kan lọ, ìgbà tí agbára bá bọ́ sí sílébù ìkẹyìn nìkan ni àmì jẹ́ dandan, ìdí nìyí tí “capitano” fi lè jẹ́ CA-pi-ta-no, “wọ́n ń ṣẹlẹ̀”, tàbí ca-pi-TA-no, ọ̀gá ọkọ̀ òkun. Ìwé atúmọ̀ èdè ni yóò là yín lọ́yẹ̀.

Ibi tí ó tún máa ń kọ́ ọmọ Yorùbá lẹ́sẹ̀ ni kọ́ńsónáǹtì méjì tó tẹ̀ léra, nítorí pé sílébù tiwa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. A pín “leggere” sí LEG-ge-re, ṣùgbọ́n a kì í ya s kúrò lára èyí tó tẹ̀ lé e: ca-PI-sco. Ẹ wo par-le-RE-mo, “a ó sọ̀rọ̀”, àti par-le-REM-mo, “à bá sọ̀rọ̀”. Ẹ pa ètè dé lórí m ti èkejì, kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó là á.