Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Kò Fún Aṣọ Mọ́: Ṣé Ẹ́ńjìnì Ló Jóná?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mi, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, ń fọ aṣọ dáadáa, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kì í fún un mọ́. Aṣọ á rin gbingbin, omi á dúró sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní ṣí. Oníṣẹ́ tó wá wò ó ní ẹ́ńjìnì ló jóná, ó ní kí n mówó wá kí òun bá mi ra tòkunbọ̀. Ọmọ àbúrò mi ní òun rí i nínú fídíò pé kí n da iyọ̀ àti omi gbígbóná sí i. Èwo ni kí n ṣe? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú àfaradà. Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó ẹ́ńjìnì. Ẹ má sì da iyọ̀ sínú ẹ̀rọ. Irin ni iyọ̀ ń jẹ, kì í la ọ̀nà omi tó dí.

Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ohun kan náà ni oníṣẹ́ sì máa ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ́ńjìnì ti jóná. Ó ń dùn mí, torí owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìbéèrè yín ṣe. Ẹ ní ẹ̀rọ kò fún aṣọ. Omi ni kò jáde, ìyá mi. Omi tó kù sínú ni kò jẹ́ kó fún un.

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára ike ńlá tó ń gba omi dúró nínú ẹ̀rọ. Bí omi bá ń ga, á máa ti afẹ́fẹ́ inú rọ́bà yẹn sókè, afẹ́fẹ́ á sì tẹ suwíìṣì kan. Níwọ̀n ìgbà tí suwíìṣì yẹn bá ṣì wà ní títẹ̀, bọ́ọ̀dù, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, mọ̀ pé omi ṣì ń bẹ, kò sì ní gbà kí ẹ̀rọ sáré. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Ohun tó fẹ́ yí nígbà 1,000 tàbí 1,200 ní ìṣẹ́jú kan kò gbọdọ̀ ru omi sáré. Ìdí nìyẹn náà tí ilẹ̀kùn fi tì pa, kí omi má baà ya sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé ó ń fọ aṣọ dáadáa. Kí ló ń yí aṣọ nígbà tó ń fọ̀ ọ́? Ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ló wà nídìí ẹ̀rọ bíi ti yín. Òun ló ń fọ̀, òun náà ló ń fún. Èyí tó bá ti jóná kò ní lè fọ̀ rárá.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ wa, ara ẹ̀rọ olójú méjì ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, èyí tí a ń fọṣọ lápá kan tí a ó wá kó o sí ìkejì kó fún un. Ẹ́ńjìnì méjì ló wà nínú ìyẹn, ti fífọ̀ lọ́tọ̀, ti fífún lọ́tọ̀. Bí apá fífún bá kú níbẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ lè ti jóná lóòótọ́, tàbí kápásítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń ran ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ láti gbéra. Púpọ̀ nínú wọn kò sì ní pọ́ǹpù: ẹ yí bọ́tìnnì, omi á ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lára ìyẹn kì í rántí pọ́ǹpù. Bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù ni ti yín fi ń ti omi síta, asẹ́ kan sì wà níwájú pọ́ǹpù náà tó ń gba ìdọ̀tí. Asẹ́ yẹn ni mo fura sí. Mo ti fa ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ìkókó yọ níbẹ̀, mo ti fa wáyà kọ́mú, píìnì irun, àti owó náírà tó ti di ẹ̀rún. Ní ilé kan, wọ́n ti ra ẹ́ńjìnì kí n tó débẹ̀, ẹ̀rọ ò sì fún aṣọ síbẹ̀.

Ẹ yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Kí ẹ pa bọ́tìnnì nìkan kò tó. Bó bá jẹ́ omi gbígbóná ló wà nínú rẹ̀, ẹ dúró kó tutù. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Nísàlẹ̀ níwájú, lápá ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí ilẹ̀kùn kékeré kan. Ẹ tẹ́ àkísà síbẹ̀, kí ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá yí asẹ́ náà sí òsì díẹ̀díẹ̀. Omi á máa jáde; bí àwo bá kún, ẹ yí asẹ́ padà kó dí, ẹ da omi àwo nù, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ asẹ́, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò. Fáànù kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ fi igi rọra yí i. Bó bá ń fò gẹ́gẹ́ bó ṣe ń yí, ẹ má bẹ̀rù, mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dí asẹ́ padà kó le dáadáa. Bí asẹ́ bá lẹ̀ pa, ẹ má fi páláyà fà á, ẹ óò ṣẹ́ ẹ.

Ẹ tún wo rọ́bà ẹ̀yìn ẹ̀rọ, èyí tí omi ń gbà jáde, bóyá ògiri ti tẹ̀ ẹ́ ká.

Mi ò fojú rí ẹ̀rọ yín, nítorí náà mi ò lè búra. Bí asẹ́ bá mọ́ tí omi ò sì jáde síbẹ̀, pọ́ǹpù lè ti kú. Ìyẹn di iṣẹ́ oníṣẹ́, ẹ má ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ fúnra yín. Bó bá ṣì wà lábẹ́ gàráńtì, àwọn tó tà á ni kí ẹ pè. Ẹnikẹ́ni tó bá sì wá, kó yọ asẹ́ lójú yín kó tó dárúkọ ẹ́ńjìnì. Bó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ kọ̀wé sọ ohun tí ẹ bá nínú rẹ̀ fún mi.