Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Bedford Àtijọ́: Búrékì Ńkọ́?

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́lẹ̀kájà kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Òǹdó, Bedford onímú tí bàbá mi rà ní 1966. Kòkó ló fi ń kó títí tó fi tọ́ gbogbo wa. Láti ìgbà tí bàbá ti kú ní 2009 ni kò ti kúrò lójú kan. Bọ́dì onípákó rẹ̀ ṣì dúró, àfi pákó mẹ́ta lápá òsì tí ikán ti jẹ. Ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù rẹ̀, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ṣeé tún ṣe mọ́. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì Mitsubishi Canter kan, 4D33, ní Àràròmi n'Íbàdàn, tòun ti gíà rẹ̀. Tíṣà ni mí, ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo ráyè, ṣùgbọ́n mo mọ sípánà dì mú, wẹ́dà kan sì wà ládùúgbò wa. Ṣé yóò wọlé? Kí ni kí n ṣọ́ra fún? — Ọmọ Onílọ́rì, Òǹdó.

Ọmọ Onílọ́rì, màá pè ọ́ ní ọmọ mi, torí ó ṣeé ṣe kí n ti di bóòtì kan mọ́ ìdí ọkọ̀ bàbá rẹ rí. Nígbà tí wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Géètì n'Íbàdàn ní 1969, Bedford ni ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ sùn sábẹ́ rẹ̀. Òru làwọn ọlọ́kọ̀ kòkó máa ń dé bá wa, ọ̀gá mi á jí wa, a ó gbé àtùpà. Dunstable nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é, irú onímú tìrẹ yìí sì ti jáde láti 1958. Ṣáàsì àti iwájú ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, káfíńtà ló ń kan ìyókù. Nítorí náà, bí o bá ń tún ọkọ̀ yẹn ṣe, ìdajì iṣẹ́ náà jẹ́ ti àwọn èèyàn wa, má jẹ́ kí wẹ́dà fi páànù rọ́pò pákó.

Ẹ́ńjìnnì tí o yàn dára. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Àwọn dísẹ́ẹ̀lì tí kọ̀ǹpútà ń darí kò burú o, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ gbé ọ̀kan sínú Bedford, o gbọ́dọ̀ kó gbogbo wáyà rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, títí kan ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀, wá pẹ̀lú, bí ọkùnrin tó gbé ìyàwó tí gbogbo ará ilé ìyàwó sì bá a wọlé. 4D33 jẹ́ lítà 4.2, onípísítìnì mẹ́rin, pọ́ǹpù onírin ló ń fún un lépo. Bó bá bàjẹ́ lọ́nà Ilé-Olújìí, ẹni tó máa tún un ṣe wà ní Ilé-Olújìí.

Yóò wọlé. Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà gùn ju onípísítìnì mẹ́rin lọ, àyè yóò kù níwájú fún rédíétọ̀ Canter, èyí tí ó yẹ kí o rà mọ́ ọn. Ibi tí ìjàngbọ̀n wà ni ìsàlẹ̀. Ọ̀pá àsẹ́ẹ̀lì iwájú gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá, bí agbada ọ́ìlì bá sì jókòó lé e lórí, ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ wọ kòtò ni yóò fọ́. Fi pákó gbé ẹ́ńjìnnì sípò ná, kí o tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná wẹ́dà. Jẹ́ kí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ wà lórí táyà, kí sípíríǹgì ti rẹlẹ̀ dé ibi tó máa rẹlẹ̀ dé, kí o sì rí i pé ọwọ́ rẹ gba àárín agbada àti àsẹ́ẹ̀lì láì fi ara kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, yá ìwọ̀n lẹ́fẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ bíríkìlà. Bí gíà ṣe dẹ̀ sẹ́yìn ni kí ojú difíréǹṣà ẹ̀yìn náà ṣe gbé sókè, kí àwọn méjèèjì dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, propeller, ọ̀pá tó so gíà pọ̀ mọ́ difíréǹṣà, yóò máa gbọ̀n títí cross rẹ̀, oríkèé tó wà lẹ́nu rẹ̀, yóò fi jẹ tán. Engine seat (irin tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé) tuntun tí wẹ́dà bá ṣe, bóòtì ni kí o fi dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáàsì. Má lu ihò sí etí òkè tàbí etí ìsàlẹ̀ ṣáàsì, má sì jó o níbẹ̀. Etí méjèèjì yẹn ló ń gbé ẹrù.

Ó dáa. O béèrè ohun tí o máa ṣọ́ra fún. Búrékì ni.

Wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. O ó rí agolo dúdú kan tó tó ìkòkò ọbẹ̀. Hydrovac là ń pè é. Rọ́bà kan ti ibẹ̀ lọ sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ní ti ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù, bí dírẹ́bà bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ewé kékeré inú kábúrétọ̀ á padé, ẹ́ńjìnnì á máa fa ohun tí kò rí fà, bí ọmọdé tó ń fa ọsàn tí omi rẹ̀ ti tán, tí èèpo ọsàn fi ń wọnú. Fífà yẹn ni hydrovac fi ń ran ẹsẹ̀ dírẹ́bà lọ́wọ́. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní ewé yẹn. Ẹnu rẹ̀ ṣí gbàgà nígbà gbogbo, afẹ́fẹ́ ń wọlé fàlàlà, kò sí ohun tí hydrovac máa rí lò.

Èmi ò mọ̀ ọ́n nígbà kan. Ní 1987, mo gbé dísẹ́ẹ̀lì sínú lọ́rì oníṣu kan. Rọ́bà hydrovac ń ṣe fàfà, mi ò rí ibi tí mo máa so ó mọ́, ni mo bá gbẹ́ igi kékeré kan, mo fi dí ẹnu rẹ̀, mo fi rọ́bà táyà wé e. Mo wa ọkọ̀ náà lófìfo ní Géètì, ojú ọ̀nà tẹ́jú, búrékì mú un. Mo gba owó mi. Lọ́jọ́ kẹta, dírẹ́bà kó iṣu kún inú rẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ láti Mápó bọ̀ ní Ọjà'ba. Ó ní bí òun ṣe tẹ búrékì, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ ògiri. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Gíà ló fi ń dín eré rẹ̀ kù, ó wá mọ̀ọ́mọ̀ já a sí gọ́tà. Kò sẹ́ni tó kú. Ìkòkò ẹ̀kọ ìyá kan fọ́, iṣu tú ká dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, àwọn èèyàn ń ṣà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, igi tí mo gbẹ́ ṣì wà níbẹ̀ tó le dain. Mo san owó ìkòkò àti owó iṣu, mo tún lọ dọ̀bálẹ̀ fún dírẹ́bà yẹn nílé rẹ̀.

Àwọn tó ṣe Canter mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì kò lè fà, wọ́n sì so pọ́ǹpù kékeré kan mọ́ ìdí alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún bátìrì), pọ́ǹpù yẹn ló ń fa afẹ́fẹ́ fún búrékì. Rọ́bà ọ́ìlì wọ inú rẹ̀, òmíràn jáde, ẹ̀kẹta ló ń lọ sí búrékì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló máa ń tú alternator kúrò kí wọ́n lè tà á lọ́tọ̀. Bí ọlọ́jà tìrẹ bá sọ fún ọ pé "alternator èyíkéyìí á ṣe é," yí ìdí rẹ̀ padà kí o wò ó. Bí kò bá sí pọ́ǹpù níbẹ̀, fi sílẹ̀ fún un.

Kí ọkọ̀ tó fi agbára ara rẹ̀ rìn ní ẹsẹ̀ kan, ṣe ìdánwò yìí. Láì tan ẹ́ńjìnnì, tẹ búrékì léraléra títí yóò fi le. Fi ẹsẹ̀ sí i níbẹ̀, kí ẹlòmíràn tan ẹ́ńjìnnì. Ìtẹ̀sẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Bí kò bá rì, iṣẹ́ kò tíì parí. Má sì lo rọ́bà inú búrékì tó ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá. Pààrọ̀ gbogbo wọn, àti páìpù onírin pẹ̀lú, ìpẹtà ti jẹ wọ́n láti inú wá.

Nǹkan kejì ni eré. Gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè pẹ̀lú jáàkì, fi òkúta dí àwọn tó kù, fi gíà sí free. Fi ṣọ́ọ̀kì (o kò kúkú ṣàìní in, tíṣà ni ọ́) fa ìlà sára táyà tó wà lókè àti sára propeller. Yí táyà náà lẹ́ẹ̀méjì gééré, kí ọmọ kan ka iye ìgbà tí propeller yí. Lẹ́ẹ̀méjì ni nítorí pé táyà òdìkejì dúró. Ká ní ọmọ náà ka mẹ́fà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ní gíà tí òun àti propeller ti ń yí dọ́gba, táyà á yí 500. Táyà 7.50-20 ń rìn tó mítà 2.9 ní yíyí kan. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 87 ní wákàtí kan. Fún ọkọ̀ onípákó tó ń lo búrékì àtijọ́, ó ti pọ̀ jù. Bí gíà tí wọ́n tà fún ọ bá tún ní èyí tó sáré ju ìyẹn lọ, fi í sílẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Èmi kì í wa tèmi kọjá 60.

Ìyókù kò le. Canter tòkunbọ̀ sábà máa ń lo bátìrì méjì, 24 fóòtì, Bedford ń lo 12. Nítorí alternator tí mo sọ yẹn, sọ gbogbo ọkọ̀ di 24, kí rìwáyà pààrọ̀ bọ́ọ̀bù, wáípà àti fèrè. Ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà lọ́wọ́ ọlọ́jà, mú un lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, kí wọ́n yí i padà kí ọlọ́pàá tó bá ọ yí i padà lójú ọ̀nà. Pákó mẹ́ta tí ikán jẹ, ìrókò ni kí o fi dí i. Bí ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ kọ sí iwájú ọkọ̀ bá ṣì ṣeé kà, má jẹ́ kí ọlọ́dà fi sáńpépà kàn án. Ọṣẹ àti kànrìnkàn tó rọ̀ ni, lẹ́yìn náà fáníìṣì. Kọ̀wé sí mi kí o sọ ohun tó wà níbẹ̀, o ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ, ó sì ń dùn mí láti mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Mo ní Land Rover 1972 kan, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Mo fẹ́ gbé dísẹ́ẹ̀lì Toyota onípísítìnì mẹ́fà sínú rẹ̀ nínú gáréèjì mi. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kì í ṣe MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún níbí, mọ́. Ṣé òótọ́ ni? — Adé, Lọ́ńdọ̀nù.

Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe fún ọkọ̀ tí wọ́n bá ti yí padà gan-an láàárín ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì tí iye písítìnì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe gan-an kí wọ́n kà á sí bẹ́ẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe é o. Ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ ó máa gbé e lọ fún MOT lọ́dọọdún bíi ti ẹlòmíràn, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, pé ẹ ti yí ẹ́ńjìnnì padà. Èmi bá máa gbé e lọ bí wọn kò tilẹ̀ béèrè. Mẹ́fà wúwo ju mẹ́rin lọ, ẹ wo sípíríǹgì iwájú. Ẹ tún ka ohun tí mo sọ fún Ọmọ Onílọ́rì nípa dísẹ́ẹ̀lì àti búrékì, ó kàn yín.

Bàbá, ẹ bá mi bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ó ń tún pick-up Datsun àtijọ́ kan ṣe, ó ra ẹ́ńjìnnì Hiace fún un. Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló ti fi okùn ọ̀rá so ẹ́ńjìnnì náà rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò iwájú ilé, ó ní òun ń dúró de engine seat. Àná ni mo bá àwọn ìbejì níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣe jangirọ́fà. — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka ìyókù lẹ́tà yìí, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì yẹn kò dín sí àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. Okùn ọ̀rá máa ń rọ̀ nínú oòrùn, ó sì ń gùn díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Ẹ̀ka máńgòrò ní tirẹ̀ kì í kìlọ̀. Ó lè dúró lónìí, kó ya lọ́la lẹ́yìn òjò. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la ti so ẹ́ńjìnnì rọ̀ mọ́ igi rí, èmi náà ti ṣe é, ṣùgbọ́n a kì í fi sílẹ̀ lọ jẹun, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ọkọ yín gbé táyà lọ́rì àlòkù méjì sórí ara wọn, kó sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀ sínú rẹ̀ lónìí. Yóò jókòó dáadáa, agbada ọ́ìlì kò ní tẹ̀. Kó fi ọ̀rá bo ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, torí alángbá fẹ́ràn láti wọ ibẹ̀. Ọjọ́ tí engine seat bá dé, kó lọ yá séènì àti igi onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà mẹkáníìkì, ẹni kan máa ń wà tó ń fi yáni lójúmọ́. Bó bá ní òun kò lówó rẹ̀, ẹ bi í léèrè iye tó ra ẹ́ńjìnnì.