Iná check engine Nissan Primera: bí ẹ ṣe lè ka kóòdù láìsí scanner

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Primera 2003 ni mò ń lò, ẹ́ńjìnnì QG18. Iná check engine tàn, kò kú mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ó máa ń pẹ́ kó tó sítáàtì. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Ẹnìkan ní èèyàn lè ka kóòdù (nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ìṣòro ọkọ̀) lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ẹ má sì tíì ra brain box kankan.

Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì. Ẹ ka sẹ́kọ́ǹdì 3. Ẹ tẹ tọ́tù kanlẹ̀ kí ẹ sì fi sílẹ̀ nígbà 5, láàárín sẹ́kọ́ǹdì 5. Ẹ dúró fún sẹ́kọ́ǹdì 7, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, kí ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò. Tó bá tó nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdì 10, iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò kíá, nítorí bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù, kóòdù lè pa rẹ́. Aago fóònù ni kí ẹ wò. Àfojúdíwọ̀n ló ń jẹ́ kó kọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Nọ́ńbà mẹ́rin ni iná máa fi ṣẹ́jú. Àkọ́kọ́ máa ń falẹ̀, mẹ́ta yòókù á yá. Òdo kò túmọ̀ sí pé iná ò ní ṣẹ́jú o: bí iná bá ṣẹ́jú nígbà 10, òdo nìyẹn. Nítorí náà, bó bá falẹ̀ ṣẹ́jú 10, tó yára ṣẹ́ 3, tó ṣẹ́ 4, tó tún ṣẹ́ 10, 0340 nìyẹn, èyí tí scanner máa pè ní P0340. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yọ bátìrì.

Pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ, 0340 yìí tàbí 0335 ni mo fura sí. 0335 jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ crankshaft (ọ̀pá tí písítìnì ń yí). 0340 jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì), sẹ́ńsọ̀ tó ń jẹ́ kí brain box mọ sílíńdà tó kàn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á máa wá a kiri, ìdí nìyẹn tí sítáàtì fi ń pẹ́. Ṣùgbọ́n kóòdù ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ohun tó sọ ni pé ìròyìn ibẹ̀ ò dé. Ẹ ní kí réwáyà yọ ẹnu wáyà rẹ̀, kó wò ó bóyá ọ́ìlì ti wọ̀ ọ́. Wáyà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: lórí ON, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iná bátìrì, nǹkan bíi 12V, ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ́ẹ̀tì. Bí 12V ò bá sí, fíúùsì tàbí wáyà ni kí ẹ wá lọ. Bí méjèèjì bá pé, tí wáyà kẹta ò já, ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún ka kóòdù. Bó bá ti ń ṣẹ́jú, ẹ tẹ tọ́tù kanlẹ̀ ju sẹ́kọ́ǹdì 10 lọ kó lè pa rẹ́. 0000 ló yẹ kó kù. Àmọ́ bí iná yìí bá ń ṣẹ́jú lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ń misfire nìyẹn, ìyẹn ni pé epo ò jó dáadáa nínú sílíńdà. Ẹ rọra páàkì, kó má baà ba catalyst (ohun tó ń sọ èéfín ọkọ̀ di mímọ́) jẹ́.